Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Nínú Ọkọ̀ Àfọwọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn òbí sọ níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá kan ní London. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ìjokòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin ríwáyà, ẹ̀yin tọ́nà ẹlẹgbẹ́ mi, Ògún á gbè yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, ẹ kú làálàá ìwé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Inú mi dùn pé àgbà wà níbí lónìí, ọmọ tuntun náà sì wà níbí.

Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára alùpùpù, tí a ó gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Kit car ni àwọn ará ìlú yìí ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tọ́nà ni mo kọ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, iṣẹ́ ọ̀hún náà ni mo gbé dé ibí. Àwọn tó ń to irú ọkọ̀ yìí ló ń gbé irin wá fún mi pé kí n bá àwọn gé e, kí n bá àwọn gbẹ́ eyín sí i, kí n bá àwọn lu ihò sí i. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù kò mọ̀ pé òun ti dé inú ọkọ̀. Mo tún un sọ: ẹ́ńjìnnì alùpùpù kò mọ̀ pé òun ti dé inú ọkọ̀! Gbogbo ohun tí alùpùpù ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń retí. Ó ń retí pé kí ara òun máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ níbi kọ́nà. Ó ń retí ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń retí pé ẹni tó gun òun yóò fi ẹsẹ̀ ti òun sẹ́yìn. Kò sí bí a ṣe fẹ́ se ebòlò kó má rùn igbẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń retí, tó sì wá nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á rìn, á sì pẹ́. Ẹni tí kò bá wádìí, ìró tí kò fẹ́ gbọ́ ni yóò gbọ́.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn. Ẹ wo Yamaha R1 tó jáde ní 1998. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 998 cc, kò pé lítà kan, síbẹ̀ nǹkan bí agbára ẹṣin 150 ló ń mú jáde. Ẹ wá fi wé ẹ́ńjìnnì Ford Pinto onílítà méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yọ lára Sierra àtijọ́ láti fi to ọkọ̀ nílé. Nǹkan bí 100 ni tirẹ̀, irin dídà sì ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ẹ kò lè gbé e láìlo ẹ̀rọ. Ti R1 yẹn, gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́fà wà nínú ikùn rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì náà wà nínú rẹ̀, géńdé méjì á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbi tó bá wù wọ́n. Suzuki Hayabusa tó tẹ̀lé e ní 1999 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: 1,299 cc, agbára ẹṣin rẹ̀ sì lé ní 170. Níbo lẹ ti fẹ́ rí irú agbára bẹ́ẹ̀ ní iye owó tí wọ́n ń ta alùpùpù tó ti forí gbá igi?

Ọkọ̀ tí a ń gbé e sí kò wúwo rárá. Àwòrán Lotus Seven ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀lé, ọkọ̀ tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957. Ilé iṣẹ́ Caterham gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1973, wọ́n sì ń ṣe é di òní. Irin onígun mẹ́rin oníhò, mílímítà 25 sí 25, ni àwọn tó ń tò ó nílé máa ń wẹ́ẹ̀dì pọ̀ di egungun rẹ̀, wọ́n á wá fi páànù àlùmíníọ̀mù bò ó. Kò ní òrùlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju aṣọ lọ. Bí ọwọ́ ẹni tó tò ó bá dá, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí kílò 450 sí 500 lọ. Ẹ wá gbé agbára ẹṣin 150 lé kílò 450 lórí, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀! Ohun tó ń fa àwọn ènìyàn wọ gáréèjì lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú

Ẹ má rò pé àṣà àná ni. Ní 1910, H.F.S. Morgan gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP ń fà wá síbi àfihàn Olympia ní London níbí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti Charles Cooper àti John ọmọ rẹ̀ ní Surbiton. Ọdún 1946 ni. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, owó kò sí, irin kò sí. Bàbá àti ọmọ gé orí Fiat Topolino méjì, wọ́n so ẹ̀yìn ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn èkejì, kí sípírìn tó dára lè wà níwájú kó sì wà lẹ́yìn. Wọ́n wá wá ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP, 500 cc. Níbo ni kí wọ́n gbé e sí? Ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì alùpùpù fi ń yí táyà ẹ̀yìn. Wọ́n gbé e sẹ́yìn awakọ̀ kí ṣéènì má baà jìnnà. Ó tán.

Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn já sí? Ọkọ̀ Cooper kékeré yẹn ni Stirling Moss fi bẹ̀rẹ̀ eré ìje ní 1948. Cooper ṣe àwọn ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì wọn wà níwájú, àmọ́ kò fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ní 1959 àti 1960, Jack Brabham fi ọkọ̀ wọn gba ife àgbáyé Formula 1, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù bá sáré tẹ̀lé wọn. Lónìí, kò sí ọkọ̀ Formula 1 kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú awakọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ mi: àwọn méjì tí wọn kò lówó, tí wọ́n tẹ̀ lé ohun tí ẹ́ńjìnnì alùpùpù ń fẹ́, ló yí eré ìje gbogbo ayé padà.

Nílé wa ńkọ́? Ta ni kò tíì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá rí nínú wa? Orúkọ Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà ológun l'Ékòó láti 1996 sí 1999 la fi ń pè é. Ẹ́ńjìnnì ibẹ̀, onísílíńdà kan ni, nǹkan bí 200 cc, ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ni. Ó ń gbé èrò mẹ́ta àti awakọ̀ gun orí afárá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn ti jókòó ronú. Wọ́n fi rìfáàsì sí i. Wọ́n ṣe gíà rẹ̀ kó lè gbé ẹrù. Ìwọ tí o dá wà nínú gáréèjì, ta ni yóò bá ọ ronú? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́ náà.

Bí a ṣe ń gbé e wọlé

Lára alùpùpù, ìbú ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin máa ń wà. Sipurọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, ọwọ́ òsì ló wà. Bí a bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì náà síwájú ọkọ̀, a ó yí i kí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Sàlẹ́ńsà á wá bọ́ sí apá òsì ọkọ̀, kabúrétọ̀ á bọ́ sí apá ọ̀tún. A ó yọ sipurọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, a ó fi irin tí tọ́nà gbẹ́ sí ipò rẹ̀, irin náà la ó sì de pùrópẹ́là mọ́, ìyẹn irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, tí pùrópẹ́là á wá gba àárín ọkọ̀ lọ bá dìfùrẹ́ńṣà, àpótí eléyín tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni pé bí a bá yí i báyìí, ọ̀nà tí pùrópẹ́là ń gbà yí bá ọ̀nà tí dìfùrẹ́ńṣà ń fẹ́ mu. Ẹni tó bá yí i sí òdìkejì, gíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa gbé e lọ sẹ́yìn.

Irin tí a fi rọ́pò sipurọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo ti rí àwọn tó mú sipurọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tí wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ lé e, tí wọ́n sì wẹ́ẹ̀dì í pọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá! Iná wẹ́ẹ̀dì á ba líle eyín inú rẹ̀ jẹ́, kò sì ní sí ní àárín gbùngbùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dé orí eré rẹ̀, pùrópẹ́là yẹn ń yí ju ìgbà 6,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ibo ló sì ń gbà kọjá? Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ẹni tó ń wakọ̀ ni, páànù fẹ́lẹ́ ló là wọ́n láàárín. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tọ́nà gé e láti ara irin kan ṣoṣo, kó gbẹ́ eyín inú rẹ̀ bá eyín ẹ́ńjìnnì mu. Bí pùrópẹ́là bá sì gùn, ẹ gé e sí méjì, kí ẹ fi bíárìn sí àárín, torí irin gígùn tó ń yí lérelére máa ń tẹ̀ bí ọrun. Kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe bálánsì rẹ̀ kí ẹ tó dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé ọ̀nà Cooper, tí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ẹ lè fi ṣéènì sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn níbi Formula Student, ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń to ọkọ̀ ìje, tó máa ń wáyé ní Silverstone ní oṣù Keje. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Òfin ibẹ̀ ní kí ẹ́ńjìnnì má ju 710 cc lọ, kí gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ sì gba ihò mílímítà 20 kọjá, torí náà ẹ́ńjìnnì alùpùpù 600 cc ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ elépo ń lò. Ó dára fún pápá ìje. Fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ máa wà lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò ìlú yìí, èmi fara mọ́ iwájú àti pùrópẹ́là.

Ọ́ìlì

A ti dé ibi tó le jù. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ṣé ẹ rántí bí ọmọdé ṣe máa ń di korobá omi mú, tó ń jù ú yípo, tí omi kò sì dànù? Ìdí korobá ló ń gba omi dúró, torí korobá náà ń tẹ̀ bí omi ṣe ń tẹ̀. Bí alùpùpù ṣe ń ṣe níbi kọ́nà nìyẹn. Alùpùpù ń tẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń bá a tẹ̀, ọ́ìlì sì jókòó sí ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀m̀pù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ̀pá pọ́ńpù ti ń fà á. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í tẹ̀. Bó bá wọ kọ́nà, sọ́ọ̀m̀pù dúró gbọnrangandan, ọ́ìlì ló ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, tó ń gun ògiri lọ sókè. Kí ni ọ̀pá pọ́ńpù wá ń fà? Afẹ́fẹ́!

Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ́ìlì. Kíráńkì, irin tí àwọn písítìn ń yí, ń yí ní ìgbà 9,000, ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì nìkan ló sì wà láàárín rẹ̀ àti bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù. Bí ọ́ìlì yẹn bá yẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò tí mo fi ń sọ gbólóhùn yìí, irin á kan irin. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, kí là ń pe ohun tó máa tẹ̀lé e? Ẹ wí i kí wọ́n gbọ́. Nọ́ọ̀kì!

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi, Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀ ti wá, ibí ni wọ́n bí òun sí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́ wẹ́dà, n kò tíì rí ojú wẹ́ẹ̀dì tó dán tó tirẹ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì Honda Fireblade sínú ọkọ̀ tó tò, ó ń wà á kiri ojú títì, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá ní òun fẹ́ lọ gbádùn ara òun ní pápá ìje. Ó ra táyà ìje tó máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún kan wà níbẹ̀ tó gùn, tí ọkọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀ títí. Ó ní iná ọ́ìlì ṣẹ́jú lójú òun lẹ́ẹ̀mejì, òun rò pé wáyà ló ń ṣe é. Nígbà tó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbọ́ kó-kó-kó. A tú ẹ́ńjìnnì yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Bíárìn méjì ti yọ́, ojú kíráńkì ti họ. Táyà tó dára tó rà gan-an ló pa á, nítorí bí táyà bá ṣe ń di ilẹ̀ mú tó ni ọ́ìlì ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó.

Kí wá ni àtúnṣe? Sọ́ọ̀m̀pù ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ti alùpùpù máa ń jin. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa kan ilẹ̀ tàbí kí ẹ́ńjìnnì ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Nítorí náà a ó gé e kúrú, a ó sì fẹ̀ ẹ́ kó lè gba iye ọ́ìlì tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ pẹlẹbẹ máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì sáré ju abọ́ jíjìn lọ! Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ògiri kéékèèké yí ẹnu ọ̀pá pọ́ńpù ká, kí ògiri náà sì ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí inú nìkan, kí ọ́ìlì lè wọlé kó má lè jáde. Àwọn kan tún máa ń ki fóòmù tí epo kì í jẹ sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi ìgò ọ́ìlì kan tí afẹ́fẹ́ ń tì sí ẹ̀gbẹ́, tó jẹ́ pé bí agbára pọ́ńpù bá wálẹ̀, ìgò náà á fún ẹ́ńjìnnì ní ọ́ìlì títí kọ́nà á fi tán.

Èyí tó ga jù ni kí ọ́ìlì má gbé inú sọ́ọ̀m̀pù rárá: pọ́ńpù kan á máa fà á jáde lọ sínú táńkì gíga, pọ́ńpù kejì á máa fà á láti ìdí táńkì padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó wọ́n. Fún ojú títì, sọ́ọ̀m̀pù tó ní ògiri àti ilẹ̀kùn tó. Fún pápá ìje àti táyà ìje, ẹ fi táńkì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ẹ má lọ. Ẹni tó bá rò pé owó táńkì pọ̀, kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta kíráńkì.

Ẹ tún fi géèjì agbára ọ́ìlì síwájú awakọ̀. Iná pupa nìkan ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ní, iná náà kì í sì í tètè sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé irú ọ́ìlì tí ẹ máa rà, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọ̀kadà ṣe nílé pẹ̀lú. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì, gíà àti kíráńkì alùpùpù ti ń wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá mu ún, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ JASO MA sí i.

Gíà àti kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká fi R1 ti 1998 yẹn ṣe ìṣirò. Kí agbára tó jáde nínú ẹ́ńjìnnì, eyín tó so kíráńkì mọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti dín yíyí kíráńkì kù ní ìlọ́po 1.581. Gíà kẹfà tún dín in kù ní ìlọ́po 1.115. Lára alùpùpù, sipurọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú ní eyín 16, ti ẹ̀yìn ní 43, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 2.69. Nínú ọkọ̀ wa, dìfùrẹ́ńṣà ló gba ipò ṣéènì. Èyí tó wọ́pọ̀ lára Sierra jẹ́ 3.62. Táyà ọkọ̀ wa, 185/60 oníńṣì 13, sì kéré ju táyà alùpùpù lọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí, kì í ju nǹkan bí mítà 1.73 lọ.

Ẹ ṣe é pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan nínú gíà kẹfà, alùpùpù yẹn á máa sáré nǹkan bí kìlómítà 270 ní wákàtí. Nínú ọkọ̀ wa, ẹ́ńjìnnì kan náà, gíà kan náà, nǹkan bí 180 péré ni! Gíà ti tán, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò ní ibi tí yóò lọ mọ́. Bí ẹ bá wá dìfùrẹ́ńṣà 3.14, á dé nǹkan bí 205.

Ṣé kí gbogbo wa wá sáré lọ ra 3.14? Ẹ dúró. Bí iye yẹn bá ṣe ń kéré ni ìgbéra á ṣe máa le tó. Kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù, àwo pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀ síbẹ̀, alùpùpù àti ẹni kan ni wọ́n sì ṣe é fún. Kílò 450 àti ènìyàn méjì la fẹ́ kó gbé báyìí, lórí òkè, nínú gó-síló. Agbára ẹ́ńjìnnì yìí kì í jáde nígbà tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá ń yí kíákíá ló ń jáde. Tí ẹ bá tẹ asẹ́lẹ́rétọ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú. Tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kí ẹ máa fi ìdajì kílọ́ọ̀ṣì dúró lórí òkè, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi sípírìn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ẹ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kíákíá lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Fún ojú títì, mo fẹ́ràn 3.38 tó wà láàárín. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lórí òkè, kó dúró sí 3.62, kó gbàgbé eré àsápajúdé.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra tán, ẹ̀yin ará mi, kò sí adùn tó tó o! Síwá-sẹ́yìn ni ọ̀pá gíà, ẹ kò nílò láti wá ibi tí gíà wà. Ẹ fà á, ó wọlé. Ẹ tún fà á, ó wọlé. Ẹ kò ní tẹ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń lọ sí gíà tó ga.

Rìfáàsì àti òfin

Alùpùpù kò ní rìfáàsì, ẹsẹ̀ la fi ń tì í. Mo mọ ọkùnrin kan tó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tóóró kan lọ́jọ́ Àìkú, odi wà níwájú, ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí iwájú. Ìyàwó rẹ̀ di sitíárì mú, òun ń tì í sẹ́yìn, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó ọ̀hún kò bá a jáde nínú ọkọ̀ náà mọ́ títí ó fi fi rìfáàsì sí i.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àpótí gíà kékeré tí a máa ń so mọ́ àárín pùrópẹ́là. Bí ẹ bá fa ọ̀pá rẹ̀, pùrópẹ́là á yí sí òdì, ẹ ó sì ní gíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn. Ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àmọ́ ó wúwo, ó sì wọ́n. Ìkejì ni mọ́tò oníná, irú èyí tí wọ́n fi ń sitáàtì ẹ́ńjìnnì, tó máa gbá eyín kan lára pùrópẹ́là mú nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ orí òkè á mú un. Àpótí ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó rà.

Òfin ìlú yìí ní ọkọ̀ tó bá ju kílò 410 lọ láìsí ẹrù gbọ́dọ̀ lè rìn sẹ́yìn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gé irin kúrò lára ọkọ̀ wọn torí kí ó má baà dé 410. Kí ọkọ̀ fúyẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ má gé ohun tó ń dáàbò bo orí yín kúrò torí rìfáàsì.

Ọkọ̀ àfọwọ́tò kò sì lè bọ́ sójú títì níbí láìkọ́kọ́ yege IVA, ìdánwò tí ìjọba fi ń yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó rọ́pò ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní SVA ní 2009. Wọ́n á wo bíréèkì, iná, bẹ́líìtì, ẹ̀fín àti ariwo. Wọ́n á yẹ ẹ̀gbẹ́ irin ìta wò láti mọ̀ bóyá ó lè gé ènìyàn tó ń kọjá. Ariwo ni kí àwa elẹ́ńjìnnì alùpùpù múra sí jù, nítorí eré tí wọ́n á ní kí ẹ́ńjìnnì dé kí wọ́n tó wọn ariwo, ti alùpùpù ga. Ẹ ra sàlẹ́ńsà tó gùn, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ rà.

Wáyà àti omi

Mi ò ní pẹ́ níbí, àwọn ríwáyà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Alùpùpù máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí alùpùpù bá ṣubú lulẹ̀. Ẹnì kan pè mí pé ẹ́ńjìnnì òun kò jí, ó ti pààrọ̀ pọ́ńpù epo, ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti fẹ́ ra kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tuntun. A tọ wáyà lọ títí a fi dé ìdí ẹ̀rọ kékeré yẹn. Ó so ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó dùbúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbà pé alùpùpù ti ṣubú! A nà án dúró, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún wo wáyà ẹsẹ̀ ìdúró àti ti kílọ́ọ̀ṣì, àwọn náà lè dá iná dúró. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹ ra odindi alùpùpù tó forí gbá, kí ẹ má ra ẹ́ńjìnnì nìkan. Gbogbo wáyà, kọ̀ǹpútà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á bá a wá, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Ní ti omi, rédíétọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tó, bíi ti Volkswagen Polo. Ẹ fi fáànù sí i. Lójú kan nínú gó-síló, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa fẹ́ sí i.

Mo gbé irin kan tí mo gbẹ́ fún R1 wá, òun ló wà lórí tábìlì yẹn pẹ̀lú sọ́ọ̀m̀pù tí a gé. Ẹ wá gbé e wò, ẹ fi ọwọ́ sí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ kí ẹ rí bó ṣe ń ṣí. Ẹ ṣé tí ẹ fún mi létí. Mo rí ọwọ́ tó ti nà sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé máíkì fún wọn.